Làǹgàlàǹgà, Àkísà àti Kọ́bọ̀ Oníhò: Bí A Ṣe Kọ́ Fífì Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Láyé Tiwa

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nígbà tí ojú ṣì ń ríran, nítorí àwọn tí a jọ mọ̀ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbá gọ́ọ̀fù lónìí kò sì mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Mo ń rí yín ní pápá. Mo ń rí ẹ̀rọ tí ẹ ń gbé sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, tó ń sọ iye yáàdì tí bọ́ọ̀lù lọ àti bó ṣe yí lókè, mo sì ń rí fóònù tí ẹ ń gbé rọ̀ kí ó lè ya fídíò yín. Ohun dáadáa ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n àwa kádì tí a ru àpò gọ́ọ̀fù fún àwọn ọ̀gá ní Ìkòyí l’Ékòó láyé ṣílè àti kọ́bọ̀, àkísà la fi kọ́ ọ, okùn la fi kọ́ ọ, irin tí wọ́n fi ń gé koríko la fi kọ́ ọ, a sì kọ́ ọ débi pé àwọn kan nínú wa fi gọ́ọ̀fù jẹun títí di ọjọ́ alẹ́, wọ́n fi kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ikoyi Club 1938 ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tó ni pápá náà títí di òní, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ kò kúrò lára orúkọ rẹ̀. Ti òyìnbó nìkan ló jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kó tó di pé àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ̀ ọ́. Ọbaléndé ni púpọ̀ nínú àwa kádì ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá, torí kádì tó bá tètè dé ló ń tètè rí àpò rù. Lójú ọ̀nà, òórùn àkàrà á ti gba gbogbo àdúgbò, ìyá alákàrà á ti kó igi sábẹ́ agbada, a ó ra àkàrà kọ́bọ̀ kan, a ó ra ẹ̀kọ kọ́bọ̀ kan, ìyẹn ni yóò gbé wa dé ọ̀sán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ owó náà: kọ́bọ̀ méjìlá ló jẹ́ ṣílè kan, ogún ṣílè ló jẹ́ pọ́ùn kan, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà tó dé. Kọ́bọ̀ tí mo ń wí yìí, idẹ pupa ni, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ní ihò láàárín, àwọn ìyá wa a máa sín in sókùn bí ó bá pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi ihò yẹn sọ́kàn, a ó padà bá a.

Ibi tí ihò bọ́ọ̀lù wà kò ní koríko kankan nígbà náà. Iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì dúdú ni, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Bráwùn là ń pè é. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, òórùn ọ́ìlì yẹn á gòkè, á wọ ṣòkòtò, á wọ irun orí, bí a bá délé alẹ́ tí a wẹ̀, tí a fi kàn-ìn-kàn-ìn bó ara, ó ṣì ń bẹ níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá bá ti tẹ̀ ẹ́ kọjá, àwa la máa ń fi irin gbọọrọ fá ojú rẹ̀ kó tún dán fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, bráwùn ni ọkàn mi ń lọ bá.

Ọ̀pá ọ̀gá kì í ṣe ohun tí kádì ń fi ṣeré. Nítorí náà, igi gúáfà là ń lọ wá, ẹ̀ka tó bá ṣẹ́ kọrọ nísàlẹ̀, a ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, a ó fi gíláàsì fá a, a ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ we ibi ìdìmú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kà á pé igi inú igbó ni Sam Snead náà fi gbẹ́ ọ̀pá àkọ́kọ́ tó lò nígbà tó wà lọ́mọdé ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin tó jáwé olúborí nígbà 82 nínú ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilẹ̀ wọn, inú mi dùn púpọ̀. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Èyí tó bá sọnù sínú kòtò ẹ̀gbin la máa ń lọ yọ. Bọ́ọ̀lù ìgbà yẹn, bí o bá bó èèpo rẹ̀, okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n we jọ nínú, o lè tú u láti ẹnu ọ̀nà dé ìkángun àdúgbò, àwọn kan sì ní ìwọ̀nba omi kan nínú kókó wọn.

Ní ilé ìsinmi àwa kádì, ẹ̀gbọ́n wa kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Kò lọ sí ilé ìwé, kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀pá tí kò lè fì. Bí ọmọ tuntun bá wá bá a pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi,” kò ní fún un lọ́pá. Yóò tọwọ́ bọ àpò, yóò yọ okùn kan tó ti sín kọ́bọ̀ oníhò bíi mélòó kan sí, tó ta kókó rẹ̀ dáadáa, yóò ní, “Fi okùn yìí sọ́wọ́ méjèèjì, kí o máa fì í síwájú sẹ́yìn.” Ó tán. Yóò padà sídìí ayò rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó fi ọmọ náà ṣẹ̀sín ni. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò. Bí ọwọ́ yín bá ń lọ jẹ́jẹ́, okùn á nà tan-n-tan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó máa gbọ́ bí ìwúwo kọ́bọ̀ yẹn ṣe ń fa ìka yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi agbára já a wálẹ̀ láti òkè, ojú ẹsẹ̀ ni okùn á dẹ̀, kọ́bọ̀ á já lulẹ̀ gbọ̀jọ̀, á kọlu orúnkún yín. Okùn kò mọ irọ́ pa. Irin lè jẹ́ kí o fi agbára tì í, kó dà bíi pé o ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n okùn kò ṣeé tì. Ohun tó ṣeé ṣe fún un kò ju kí a fì í lọ. Nígbà tí ọmọ bá ti gba ìmọ̀lára yẹn sọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n á fún un ní ọ̀pá gúáfà, á ní kó wá orí ọ̀pá náà pẹ̀lú ìka rẹ̀, bó ṣe wá kọ́bọ̀ lórí okùn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òyìnbó kan ti fi irú nǹkan yìí kọ́ni rí ní òkè òkun. Ernest Jones lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni kó tó lọ sójú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1916, ogun gba ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀ láti abẹ́ orúnkún. Ọkùnrin náà padà sí pápá lórí ẹsẹ̀ kan, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ju ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ. Ibẹ̀ ló ti yé e pé bí orí ọ̀pá bá ti ń fì bó ṣe yẹ, ara yòókù á wá ọ̀nà tẹ̀ lé e. Ó kó lọ sí New York, inú yàrá ló ti ń kọ́ni níbẹ̀, ọ̀bẹ kékeré tí a máa ń fi sápò, tó so mọ́ igun áńkáṣíìfù, ló sì fi ń kọ́ wọn. Ọ̀bẹ ni tirẹ̀, kọ́bọ̀ ni tiwa. Kò sí ẹni tó jí ti ẹnì kejì wò.

Ohun kejì ni àkísà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà ẹ̀gbọ́n wa náà sì pọ̀. Yóò ká aṣọ ìnura àtijọ́ kan, yóò fi sí ọ lábẹ́ abíyá òsì, nígbà mìíràn yóò fi sí méjèèjì, yóò ní kí o fì ọ̀pá láì jẹ́ kí aṣọ náà bọ́. Ìdajì fífì ni o, kí ọwọ́ má ga ju èjìká lọ, nítorí bí èèyàn bá fì í tán dé òkè, kò sí bí ti abíyá ọ̀tún kò ṣe ní bọ́, kò sì jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí àkísà ń kọ́ni ni pé kí àyà àti apá jọ máa lọ, kí apá má ya kúrò lára kí ó máa dá rìn. Bọ́ọ̀lù tó ń yà bàrá sọ́tùn-ún, tí ọ̀gá á fi máa bínú sí ọ̀pá, lọ́pọ̀ ìgbà apá tó dá rìn ló fà á. Ben Hogan, tó kọ ìwé Five Lessons ní 1957, tẹnu mọ́ ọn gidigidi pé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, kí wọ́n sì sún mọ́ ara. Kádì sì ni Hogan náà nígbà èwe rẹ̀ ní Fort Worth, ní Texas.

Mo ti dé orí èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ìwé kí ẹ̀rọ agékoríko tó gbòde kan, ẹ mọ làǹgàlàǹgà: irin pẹlẹbẹ gígùn, tí alágbẹ̀dẹ tẹ̀ kọrọ nísàlẹ̀, tó pọ́n etí rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, tí a fi àkísà tàbí rọ́bà we lókè kó má baà dá ọgbẹ́ síni lọ́wọ́. Ìjìyà ni fún ọmọ ilé ìwé. Ní tiwa, ẹ̀kọ́ ni. Ní àkókò òjò, nígbà tí koríko bá ti bo ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n á kó wa jáde, á ní kí a dúró ní ẹsẹ̀ ìgbágọ́ọ̀fù, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, ìbàdí sẹ́yìn, kí á fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú, kí a sì máa gé koríko lọ, fífì kan, ìgbésẹ̀ kan. Àwọn tó ń kọjá rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá.

Ẹ wo ohun tí irin yẹn ń ṣe fún ara. Ó wúwo nísàlẹ̀, nítorí náà o kò lè já a; bí o bá já a, á yà kúrò lójú ọ̀nà, á fi koríko sílẹ̀. Bí o bá di í mú jù, kí ìrọ̀lẹ́ tó lé, ọwọ́ rẹ á ti lé ròrò, o kò sì ní gbàgbé mọ́ pé jẹ́jẹ́ là ń di ọ̀pá mú. Bí ìwúwo ara rẹ bá dúró sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, irin á wọ ilẹ̀ kó tó dé ìdí koríko, èèpẹ̀ á ta sí ọ lójú. Bí ó bá bọ́ sí ẹsẹ̀ iwájú ní àkókò tó yẹ, ìwọ á kàn gbọ́ ṣà-à-à, koríko á lọ sílẹ̀ ní ọgbọọgba, òórùn koríko tútù á gba imú rẹ, bẹ́ẹ̀ ni o kò lo agbára kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá ti gé koríko lọ́nà yẹn fún sáà òjò kan, bí a bá gbé ọ̀pá irin keje lé e lọ́wọ́, ṣe ni yóò máa fì í bí ẹni tó ti ń ṣe é láti inú ìyá rẹ̀ wá.

Harvey Penick, bàbá kan ní Austin ní Texas, tí òun náà ti orí kádì bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ra irin agékoríko. Ó ní bí wọ́n ṣe ń fì í gé èpò ni kí wọ́n ṣe máa fì ọ̀pá kọjá lára bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sínú ìwé kékeré pupa kan kó tó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992. Tom Kite àti Ben Crenshaw, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá náà ní oṣù kẹrin 1995 gan-an ni Crenshaw gba Masters, tó sì bú sẹ́kún lójú ihò ìkẹyìn. Mo wo ìyẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, omi bọ́ lójú mi pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rere bá kọ́, ó mọ ohun tí Crenshaw ń sunkún lé lórí.

Àwọn kéékèèké kan tún wà tí n kò ní fa ọ̀rọ̀ wọn gùn. A máa ń fa ìlà sójú iyanrìn, a ó dúró bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wà lórí ìlà náà, a ó fì ọ̀pá, ojú àpá tí ọ̀pá bá dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà lọ síwájú. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìlà, a ó nu àpá, a ó tún un ṣe. Etíkun Pedreña ní Spéènì ni Seve Ballesteros ti fi ọ̀pá irin kẹta kan ṣoṣo kọ́ tirẹ̀, orí iyanrìn kan náà, kádì ni òun náà. A máa ń pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí a tó fì ọ̀pá, ẹni tó bá fi agbára sí i á ṣubú. A tún máa ń tẹ́ ọparun méjì sílẹ̀, ọ̀kan níwájú ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́bàá bọ́ọ̀lù, kí a mọ̀ bóyá ibi tí à ń wò ni ara dojú kọ. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn tí ẹ ń rà kiri báyìí fún iṣẹ́ yìí, àwọn ará ìlú oníyìnyín ló ń fi í sàmì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọn kí yìnyín má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ọparun tó.

Ti ìwọ̀n ìyára, ẹ̀gbọ́n máa ń fi ẹnu kà á. Ọ̀pá ń lọ sẹ́yìn, á ní “ẹ-ẹ-rọ̀,” ọ̀pá bọ̀ wálẹ̀, á ní “gbá.” Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Novosel fi fídíò wo àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ó sì tẹ ìwé jáde ní 2004 pé bí gígòkè bá gba ìlọ́po mẹ́ta, bíbọ̀ wálẹ̀ á gba ẹyọ kan, yálà ẹni náà yára tàbí kò yára. Mo fi ìka ka ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀gbọ́n wa lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìyẹn. Mẹ́ta sí ọ̀kan ni.

Ní ti títi bọ́ọ̀lù sínú ihò, bráwùn fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, kò ní gegele púpọ̀, bí o bá ti bọ́ọ̀lù lọ́nà tó tọ́, kò sí ohun tó máa yà á. A máa ń kó ìdérí ìgò méjì sílẹ̀, a ó fi ààyè tí orí ọ̀pá lè gbà kọjá sáàárín wọn, a ó máa ti bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tíì méjì tí Tiger Woods máa ń gún mọ́lẹ̀ kó tó lọ bẹ̀rẹ̀ ìdíje rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Bráwùn Ìkòyí yẹn sì ni Sandy Lyle bá nígbà tó wá fún Nigerian Open ní 1978, ọmọ ogún ọdún, tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù ní Hawkstone Park. Ó fi 61 gbá ọjọ́ kìn-ín-ní, ó fi 63 gbá ọjọ́ kejì, 124 lápapọ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ náà, àkọ́kọ́ tó gbà látìgbà tó ti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá gba Open ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985 àti Masters ní 1988. Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi yangàn.

Àwọn òbí a máa bi mí léèrè èwo ni kí ọmọ wọn fi bẹ̀rẹ̀. Okùn ni. Kọ́bọ̀ oníhò kò sí mọ́, ẹ fi nọ́ọ̀tì irin tí mẹkáníìkì ń lò rọ́pò rẹ̀. Bí okùn kò bá dẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ẹ fún un ní àkísà, kí ó sì máa fa ìlà sójú iyanrìn. Làǹgàlàǹgà ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbó díẹ̀, kí àgbàlagbà sì dúró tì í, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú rẹ̀. Táyà ló gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé Henry Cotton, tó gba Open ní 1934, 1937 àti 1948, fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọ̀pá gbá táyà ògbólógbòó kí ọwọ́ lè le, àwa náà sì gba táyà lọ́wọ́ fọ́kánáísà ní Ọbaléndé, a gbá a. Ṣùgbọ́n táyà máa ń ta ọwọ́ padà, egungun ọrùn ọwọ́ ọmọdé kò sì tíì gbó. Ìdajì fífì ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, lórí táyà tí a gbé ti ògiri, pẹ̀lú ọ̀pá àtijọ́ tí kò wulẹ̀ wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́, bí ọrùn ọwọ́ bá sì ti dùn ún, kí ó fi táyà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó padà sídìí okùn.